Ọkọ̀ Ogun Tí Kò Ní Àgbá

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria ni mo mú wá. Àwa náà mọ ohun tí àgbá ọkọ̀ wọ̀nyí lè ṣe, nítorí òun ni wọ́n fi fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ní ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ́yìn náà. Wọ́n kan ọkọ̀ ogun tán, ọkọ̀ léfòó, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sì sí àgbá tí wọn yóò gbé sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo àgbá náà. Ẹni tó bá ti rí ìbọn ṣakabùlà lọ́wọ́ ọdẹ mọ̀ pé láti ẹnu ni a ti ń kì í: ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, ọta á tẹ̀lé e, a ó sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1880, láti ẹnu náà ni wọ́n ń ki àwọn àgbá ńláńlá inú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti dán èyí tí a ń ki láti ìdí wò rí, ṣùgbọ́n ó kó wọn sí wàhálà nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ará Jàpáánù jà ní Kagoshima ní 1863, ni wọ́n bá padà sí ti ẹnu.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1879, ọkọ̀ ogun Thunderer ń yin àgbá fún ìdánrawò lórí Òkun Marmara, nílẹ̀ Tọ́kì. Wọ́n yin àgbá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan dún, èkejì kò dún, ariwo èyí tó dún kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Wọ́n tún ki méjèèjì, ẹ̀tù lé ẹ̀tù, ọta lé ọta. Nígbà tí wọ́n yìn ín, àgbá tọ́ọ̀nù 38 fọ́ yángá, ó sì pa ènìyàn 11. Lọ́dún 1880 wọ́n gbé àgbá kejì lọ sí ilé iṣẹ́ àgbá ìjọba ní Woolwich, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kì í lẹ́ẹ̀mejì, òun náà sì fọ́. Bí ó bá ṣe pé láti ìdí ni wọ́n ti ń kì í ni, ẹni tó ṣí i ì bá ti rí i pé nǹkan wà níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe gbà pé àgbá tuntun ló kù.

Láàárín ọdún 1880 sí 1883 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ mẹ́fà tí yóò gbé irú àgbá bẹ́ẹ̀: Collingwood, Rodney, Howe, Camperdown, Anson àti Benbow. Iṣẹ́ ọkọ̀ ń lọ. Ti àgbá kò lọ.

Ṣé ẹ rí i, láti 1855 ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ àgbá sí ọwọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọmọ ogun orí ilẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ á sọ irú àgbá tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n inú owó àwọn ará ilẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Bí aṣòfin bá ní kí wọ́n dín ìnáwó kù, ẹ wo ohun tí ọ̀gá ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ gé: ṣé bàtà àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ni, àbí àgbá ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀? Lójú tèmi, àwọn alágbẹ̀dẹ kọ́ ni kí á kọ́kọ́ bá wí.

Iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ náà kò sì rọrùn. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo kò lè gba agbára ẹ̀tù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣe ọ̀pá inú, wọ́n á wá mú òrùka irin ńlá, wọ́n á dáná sí i títí yóò fi fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi bọ ọ̀pá náà lára. Bí ó bá ti tutù, á súnkì, á di ọ̀pá mú pinpin. Òrùka lórí òrùka ni, títí àgbá yóò fi wúwo tó tọ́ọ̀nù 67. Irú èyí 16 ni mẹ́rin nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ń retí, mẹ́rin mẹ́rin. Ọ̀pá inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Ní 1885 Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéná wojú ara wọn nítorí Panjdeh, ní ẹnubodè Afghanistan. Nínú ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ẹyọ kan tó ṣe tán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìjà náà kò wáyé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n yin àgbá Collingwood fún ìdánwò ní oṣù Karùn-ún, apá iwájú ọ̀kan sì já dànù. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo irú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n ṣe èyí tó lágbára jù ú lọ. Ìdádúró lórí ìdádúró.

Ti Benbow, wọn kò dúró. Wọ́n ra àgbá tọ́ọ̀nù 110 méjì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Armstrong, wọ́n gbé ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lójú ogun, ìdajì agbára ọkọ̀ lọ nìyẹn.

Anson ni ó jọ mí lójú jù. Wọ́n sọ ọ́ sómi ní 1886, ó dé Portsmouth ní 1887, gbogbo nǹkan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ibẹ̀ ni ó so mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì, tí ó ń retí àgbá. Ní 1888 ni wọ́n tó gba owó àgbá ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀, tí wọ́n fi í fún àwọn ọlọ́kọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1889, Anson jáde sójú òkun. Howe náà jáde lọ́dún yẹn. Lọ́dún kan náà ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kan ọkọ̀ ogun 70 mìíràn, gbogbo wọn ni yóò sì fẹ́ àgbá.