Ikú Yá Ju Ẹ̀sín: Ọ̀rọ̀ lórí Ìwà Àwọn Ènìyàn inú Eré Ẹlẹ́ṣin Ọba

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: bí a bá fẹ́ mọ ìwà ènìyàn, kì í ṣe ohun tí ó ṣe nìkan ni a óò wò, ìdí tí ó fi ṣe é ni a óò wò pẹ̀lú. Eré Wọlé Ṣóyínká tí a tẹ̀ jáde ní 1975, Death and the King's Horseman, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí èdè wa ní Ikú Olókùn-Ẹṣin, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí wa. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí ọdún 1944. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Ọ̀yọ́, Olókùn-Ẹṣin ní láti bá ọba rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1945, Ajẹ́lẹ̀ ní kí a mú un, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ọ̀ràn yìí ṣe eré Ọba Wàjà ṣáájú. Nígbà tí Ṣóyínká kọ tirẹ̀, ó kìlọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé kí a má ṣe kà á sí ìjà láàárín àṣà méjì lásán. A gba ìkìlọ̀ náà. Nítorí náà ni a ṣe ń wá òṣùwọ̀n mìíràn tí yóò mú wa wo inú àwọn ènìyàn eré náà.

Òṣùwọ̀n kan wà tí Lawrence Kohlberg, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀. Jean Piaget ará Switzerland ti kọ ìwé ní 1932 lórí bí ọmọdé ṣe ń mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Kohlberg tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí ó parí ní Yunifásítì ìlú Chicago ní 1958, ó pa ìtàn fún ọmọkùnrin 72. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn rẹ̀ lọ báyìí: àìsàn jẹjẹrẹ fẹ́ pa ìyàwó ọkùnrin kan, olóògùn kan ní oògùn tí yóò wò ó sàn, ṣùgbọ́n dọ́là 2,000 ni ó ń bèèrè, ọkọ yá owó títí, ìdajì péré ni ó rí, olóògùn kọ̀ jálẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọkọ jí oògùn náà? Kohlberg kò fi bẹ́ẹ̀ ka bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí. “Nítorí kí ni?” ni ó ń fetí sí.

Láti inú ìdáhùn wọn ni ó ti to àtẹ̀gùn mẹ́fà. Ní ìkìíní, ènìyàn ń ṣe rere nítorí ìbẹ̀rù pàṣán. Ní ìkejì, èrè tirẹ̀ ni ó ń wò. Ní ìkẹta, ó fẹ́ kí a máa pe òun ní ọmọ rere. Ní ìkẹrin, ó ń pa òfin àti ètò ìlú mọ́. Ní ìkarùn-ún, ó mọ̀ pé fún àǹfààní gbogbo ènìyàn ni a ṣe ṣe òfin, a sì lè tún un ṣe. Ní ìkẹfà, ìlànà òdodo tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé yẹ̀ wò ni ó ń darí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé Ẹlẹ́ṣin lé òṣùwọ̀n yìí. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ti ń jẹ lórí ikú tí ó jẹ ní gbèsè. Ohun tí ó dára jù nínú ìlú kò sí èyí tí a fi dù ú. Ní ọjọ́ tí gbèsè náà pé, ó jó wọ ọjà, ó ṣe bí ẹni tí inú ń bí títí àwọn obìnrin fi kó aṣọ olówó iyebíye bò ó, ó sì bèèrè wúńdíá kan tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ẹlòmíràn. Ó ní kì í ṣe adùn ara ni òun ń wá, bí kò ṣe irúgbìn tí òun yóò fi sílẹ̀ sáyé. Ìdí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ga; èyí tí ó wà nínú rẹ̀ kò kúrò ní èrè àti ìyìn. Èrè ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìyìn ti kún etí rẹ̀. Nígbà tí ó wá ku òun àti ikú nìkan, kò sí ìdí kẹta tí yóò gbé e kọjá odò. Ní àtìmọ́lé, ó di ẹ̀bi ru òyìnbó, ó di í ru àwọn òrìṣà, ó sì di díẹ̀ ru ìyàwó kékeré náà.

Pilkings, Ajẹ́lẹ̀, dúró ní àtẹ̀gùn kẹrin. Ẹ má jẹ́ kí a ṣe àìṣòdodo sí i: ó fẹ́ gba ẹ̀mí là ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n Ọmọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nílùú, kò sì fẹ́ kí nǹkan kan da àríyá rú. Òun tìkára rẹ̀ sì gbé ẹ̀kú eégún tí a gbà lọ́wọ́ onílé wọ̀ lọ síbi ijó. Àmúsá, sájẹ́ǹtì rẹ̀ tí í ṣe Mùsùlùmí, kọ̀ láti bá ẹni tí ó wọ aṣọ òkú sọ̀rọ̀ ikú. Èrè kankan kò sí níbẹ̀ fún un. Ìbínú ọ̀gá nìkan ni ó lè ti ibẹ̀ jáde. Nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, ọmọ-ọ̀dọ̀ ga ju ọ̀gá lọ.

Olúńdé, àrẹ̀mọ Ẹlẹ́ṣin, ni ó le jù láti wọ̀n. Ó ti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìyọ̀ǹda baba rẹ̀. Ó ti rí àwọn tí ogun ṣá lọ́gbẹ́. Ó gbọ́ pé ọba wàjà, ó padà wálé láti sin baba rẹ̀. Nígbà tí ó rí baba náà láàyè, ó kú dípò rẹ̀. Ta ni ì bá nà án ní pàṣán bí ó bá padà sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀? Àwọn kan yóò sọ pé ètò ìlú ni ó pa mọ́, nítorí náà àtẹ̀gùn kẹrin ni tirẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó ti gbé ayé méjì, tí ó fi ọ̀kan wé èkejì, tí ó sì yàn, kò rí bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà mìíràn. Síbẹ̀, ẹlòmíràn lè bi wá bóyá òdodo ni ìlànà tí ó ń bèèrè ẹ̀mí aláìṣẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Níhìn-ín ni òṣùwọ̀n náà ti fi àbùkù ara rẹ̀ hàn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin ni a ti gé e. Carol Gilligan sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1982 pé ohùn mìíràn wà, ohùn ìtọ́jú ẹnìkejì, tí òṣùwọ̀n yìí kò gbọ́ dáadáa. Ẹ wo Ìyálọ́jà: àánú ẹni tí ó ń lọ ni ó mú kí ó fi àfẹ́sọ́nà ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún Ẹlẹ́ṣin, nígbà tí òkú méjì sì ti sùn sílẹ̀, ọmọ tí a kò tíì bí ni ó ní kí ìyàwó náà máa rò. A ó ha ní àtẹ̀gùn kẹta ni obìnrin yìí wà bí?

Àbùkù kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹnu ni Kohlberg ń fetí sí. Bí a bá bi Ẹlẹ́ṣin ní ìbéèrè nínú ọjà, òun ni ì bá gba ipò kìíní, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ tó o. Olúńdé kò kéde ohun tí yóò ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ikú yá ju ẹ̀sín, baba lè fi í kọrin, ọmọ ni ó fi í ṣe. Àwọn baba wa mọ èyí tẹ́lẹ̀: èrò ọkàn kò tíì di ìwà títí ọwọ́ yóò fi ṣe é.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò sọ pé kí irú ikú bẹ́ẹ̀ padà wá. Ohun tí a ń sọ kàn wá lónìí. Gbogbo wa nínú Ẹgbẹ́ yìí ni a ń sọ pé a fẹ́ràn àṣà. Nítorí kí ni? Nítorí oyè ni tàbí nítorí ìyìn ọjọ́ ọdún? Nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti bá a ni, tàbí nítorí pé a ti gbé e yẹ̀ wò, a mú èyí tí ó tọ́, a sì fi èyí tí ń ni ènìyàn lára sílẹ̀? Àṣà tí a dì mú nítorí èrè yóò bọ́ lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ tí èrè bá tán, gẹ́gẹ́ bí ó ti bọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́ṣin. Kí olúkúlùkù lọ dáhùn ní ìyẹ̀wù rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí ìdáhùn náà.