Ojú Àlejò: Àsọyé fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ń Lọ Sìn ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Òkítóbà, 1961, fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Máàṣì ọdún náà ni Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Peace Corps sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ rẹ̀ lè máa sìn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bá béèrè fún ìrànlọ́wọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà wọ́n. Kí àwọn olùkọ́ tí a rán wá tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ sí i ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìbàdàn.

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 23, kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn káàdì pélébé kan, irú èyí tí a kì í fi sínú àpò-ìwé. Ó ní ìlú náà jọ òun lójú, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé òun kò múra sílẹ̀ fún irú ìdọ̀tí àti àìlajú tí òun bá, àti pé ojú pópó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé, tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n sì ti ń tajà. Káàdì náà bọ́ sọnù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì pín in kiri.

Òmìnira Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ni, ọ̀rọ̀ náà sì dùn wọ́n wọ eegun. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní amí ni àwọn àlejò náà, kí a lé wọn lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọ̀wé tọrọ àforíjì, ó sì padà sí Amẹ́ríkà láìpẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n fara da ìtìjú náà, wọ́n sì lọ sí ẹnu iṣẹ́ tí wọ́n bá wá.

Kí ni ó ṣì ṣe? Kì í ṣe irọ́ ni ó pa pé a ń dáná létí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń dín àkàrà létí títì ní ilé tirẹ̀, owó àkàrà náà ni ó sì fi ń tọ́ ọmọ ní ilé-ìwé. Àlejò rí iná, kò rí ìdí tí a fi dá a.

Lónìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ti di àlejò. Láti ọdún 1987 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Technical Aid Corps sílẹ̀ ni àwọn olùkọ́, dókítà àti ẹnjiníà wa ti ń lọ sìn fún ọdún méjì-méjì ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn àti ní Kàríbíánì. Àwọn náà yóò rí ohun tí yóò yà wọ́n lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ kọ́ bí wọ́n ti ń kí ara wọn níbẹ̀. Ẹ bá wọn jẹun. Ẹ béèrè ìdí ohun tí ẹ rí lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó kọ̀wé sílé. Kí ẹ sì kọ ọ́ bí ẹni tí ó mọ̀ pé onílé lè kà á.