Ikọ́ Fée àti Ọyẹ́ Kánò

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, èlùbọ́ ni mo ń tà ní Sábó Gàrí. N kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọbìnrin mi ní ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní asíma. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni; àwọn mìíràn ò jẹ́ kí ọmọ wọn bá a jẹun. Àìsàn yìí kì í ràn. Ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ni ó máa ń wú tí í sì ń fún, tí èémí yóò fi máa dún bí fèrè.

Dókítà fún wa ní ínhélà méjì, ike kékeré tí à ń fín sí ẹnu. Ti búlúù ni a ń lò nígbà tí èémí bá ṣòro. Ti búráùn, ojoojúmọ́ ni, ara ìbáà dá, nítorí òun ni í mú kí wíwú náà rọlẹ̀. Nígbà tí ọmọ gbádùn fún oṣù mẹ́ta, mo ní kí la tún ń náwó sí? Ọdún 2023 ni, tí GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, tí owó ínhélà sì fò sókè. Mo dá ti búráùn dúró.

Ní Dìsẹ́ḿbà ọdún náà ni ọyẹ́ dé. Eruku Kánò, ẹ sáà mọ̀ ọ́n. Inú yàrá tí ọmọ ń sùn ni mo tún kó àpò èlùbọ́ sí! Ní aago méjì òru, kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kó tó tún mí. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Mo ní kó dùbúlẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Mo he ti búlúù, ó ti tán. Aládùúgbò wa kan, ọmọ Háúsá, ni ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì ni ó kọ́ mi níbẹ̀: kí a gbé e jókòó, kí a mi ike náà dáadáa, kí a fín in lẹ́ẹ̀kan, kó rọra fà á wọlé, kó sé èémí fún ìwọ̀n bíi kíka ení dé ẹ̀wá bó bá lè ṣe é. Lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kí a tún fín in, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí ètè bá ti ń dúdú, ọ̀nà ọsibítù ni kíá, kí a máa fín in lọ lójú ọ̀nà. Bí a bá sì lo ti búráùn tán, kí a fi omi yọ ẹnu.

Èlùbọ́ mi ti kúrò ní yàrá. A ò tan kọ́ìlì ẹ̀fọn mọ́. Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń fi ínhélà pamọ́ kí àfẹ́sọ́nà má baà rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un jáde.

Nínú owó launching òní, mo bẹ ẹgbẹ́ kí a ra ti búlúù méjì sí gbọ̀ngàn wa, fún àwọn tí dókítà ti kọ ọ́ fún, kí akọ̀wé máa wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Kí a sì kọ orúkọ àwọn tí ó ní mọ́tò, tí a lè kan ilẹ̀kùn wọn lóru, sí ara ògiri. Èmi ni n ó ra àkọ́kọ́.