Ká Tó Ra Ẹ̀rọ: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ Lórí Òwú àti Òróró Inú Kóró Rẹ̀

  Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ wá sọ èrò rẹ̀ lórí àbá tó ti ń lọ lórí WhatsApp wa, pé ká dáwó jọ, ká ra ẹ̀rọ tí yóò máa fún òróró láti inú kóró òwú. Mi ò ní fọ̀rọ̀ gùn. A fẹ́ òwú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ rà.

Òwú kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Àwọn ìyá wa àtijọ́ gbìn ín, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n ran án, wọ́n fi hun kíjìpá. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ni ín. Ní 1902, àwọn òyìnbó oníṣòwò dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ilẹ̀ oko ní Ìbàdàn, níbi tí gbogbo wa mọ̀ sí Moor Plantation lónìí. Wọ́n kó irú òwú Amẹ́ríkà wá, kò bá ilẹ̀ wa mu. Irú òwú ìbílẹ̀ ni wọ́n padà sí, wọ́n ń ṣa èyí tó dára jù nínú wọn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: irúgbìn tó ṣe dáadáa nílẹ̀ ẹlòmíì lè má ṣe nǹkan kan nílẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Tí a bá ká 1,000 kílò òwú tí a kò tíì yọ kóró rẹ̀, fọ́nrán funfun inú rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 400 kílò lọ. Kóró ló kó èyí tó pọ̀ jù, bíi 550 kílò. Nínú 1,000 kílò kóró, ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń rí bíi 160 kílò òróró, àti bíi 450 kílò ìyókù tó dà bí kúlíkúlí, tí màlúù ń jẹ. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ká sọ pé a gbin hẹ́kítà mẹ́wàá, tí a rí 1,000 kílò lórí ìkọ̀ọ̀kan. Kóró rẹ̀ á jẹ́ 5,500 kílò péré. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lọ 1,000 kílò lójúmọ́ á parí iṣẹ́ ọdún kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mọ́kànlá tó kù ńkọ́? Ẹ̀rọ á máa dípẹtà, abí?

Èkejì, èyí tó ká wa lára jù. Májèlé kan wà nínú kóró òwú tí wọ́n ń pè ní gossypol. Òun ló wà nínú àwọn àmì dúdú tíntìntín tí a ń rí lára ewé àti nínú kóró. Ní Ṣáínà, ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn ọkùnrin abúlé tí wọ́n ń fi òróró kóró òwú tí wọn ò sẹ̀ se oúnjẹ kò rí ọmọ bí. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ibẹ̀ tilẹ̀ dán gossypol wò bí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí fún ọkùnrin. Ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi sódà alágbára sẹ̀ ẹ́ kúrò, òróró náà á sì dára fún jíjẹ. Dídín epo lórí iná nílé kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹni kẹ́ni tó bá gbé òróró kóró òwú tí kò gba ilé-iṣẹ́ kọjá wá, ẹ má rà á. Kóró yẹn náà, ẹ má fi bọ́ adìyẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Ikùn màlúù tó ti dàgbà ló lè gbà á, ìyẹn náà níwọ̀n.

Àwọn onímọ̀ irúgbìn ti ń bá májèlé yìí jà tipẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ mú irú òwú tí kò ní àmì dúdú náà rárá jáde. Ló bá di pé kòkòrò àti eku ń jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ẹ̀pà, torí gossypol ni ààbò rẹ̀. Àwọn ti fásitì Texas A&M wá ṣe ọ̀kan tí májèlé ti dín kù gan-an nínú kóró, tó sì kù nínú ewé. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí jíjẹ rẹ̀ ní 2019. Ní Nàìjíríà tiwa, ilé ìwádìí IAR ní Sàmárù, Zaria, ló ni àwọn irú òwú tí wọ́n ń pè ní SAMCOT. Ní 2018, wọ́n tún fọwọ́ sí òwú Bt méjì tí kòkòrò ajẹso kò lè jẹ, ṣùgbọ́n ọdọọdún lèèyàn gbọ́dọ̀ ra irúgbìn rẹ̀ tuntun.

Ẹ tún wo Benin níhìn-ín, níbi tí àwọn ará wa Kétu àti Ṣábẹ̀ wà. Wọ́n ká ju 700,000 tọ́ọ̀nù òwú lọ ní sáà 2020 sí 2021. Lọ́dọ̀ àwọn Ìbàrìbá ní Banikoara ni wọ́n ti ń ká òwú jù, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fún òróró kóró rẹ̀ wà ní Bohicon. Kí ló ràn wọ́n lọ́wọ́? Àgbẹ̀ wọn ń gba irúgbìn àti ajílẹ̀ láwìn, ó sì mọ iye tí wọ́n máa ra òwú kó tó gbìn ín.

Nítorí náà, àbá tiwa rèé. Kí ẹgbẹ́ fi owó ẹ̀rọ pamọ́. Kí ẹ yọ̀ǹda éékà méjì fún wa. A ó gbin SAMCOT sí ọ̀kan, òwú ìbílẹ̀ sí èkejì, kí wọ́n jìnnà síra, torí oyin máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri, irúgbìn á sì dàpọ̀. A ó gbìn ín lásìkò tí yóò fi là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí òjò ń ba òwú tó ti là jẹ́. A ó bẹ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tọ́ wa sọ́nà. A ó kọ gbogbo náírà tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀. Kó tó di pé a gbìn, a ó ti wá ẹni tó máa ra fọ́nrán, àti ilé-iṣẹ́ tó máa ra kóró. Tí iye rẹ̀ bá pé wa, a ó tún padà wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, a mọ̀ pé ẹ fẹ́ rí ohun tí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Oko éékà méjì ò lẹ́wà nínú fọ́tò bí ẹ̀rọ tuntun. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Agbára wà lápá wa, ilẹ̀ ń bẹ. Ẹ fún wa ní sáà kan péré.

 

Èmi ọmọ yín, alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́.