Àmì orílẹ̀-èdè wa wà nínú òfin: ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n kà

 

Ẹ wo iwájú ilé ìjọba ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́. Ẹ ó rí aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta tí ó ń fẹ́ lórí igi gíga. Ẹ wo ìwé ìbí ọmọ yín. Ẹ ó rí òǹtẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wo àyà àwọn kan ní ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira, ọjọ́ 1 oṣù 8. Ẹ ó rí irin tí ń dán tí a so mọ́ ẹ̀wù wọn.

Ta ni ó fi àwọn nǹkan wọ̀nyí lélẹ̀? Kí ni wọ́n ń sọ? Kí ni ó kan àgbẹ̀ tí ń kọ ebè nínú rẹ̀?

Ìdáhùn wa kò gùn. Òfin ni ó fi wọ́n lélẹ̀. Nítorí náà wọn kì í ṣe ti ọ̀gá kan. Ti gbogbo wa ni wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n kà, kò sí ẹni tí yóò fi wọ́n dẹ́rù bà á.

1. Àmì àṣà àti àmì òfin

Àwa ọmọ Yorùbá mọ ohun tí àmì jẹ́. Nígbà tí Alákétu bá dé adé, tọmọdé tàgbà mọ̀ pé ọba ni. Kò sí ẹni tí ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá àṣẹ àwọn ọba Àgbómẹ̀ láyé àtijọ́. Ìránṣẹ́ tí ó bá mú ọ̀pá náà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ọba ni ó ń jẹ́. Àṣà ni ó gbé irú àmì bẹ́ẹ̀ ró.

Àmì orílẹ̀-èdè yàtọ̀. Ìwé ni ó gbé e ró. Ní ọjọ́ 2 oṣù 12 ọdún 1990, àwọn ará ìlú dìbò sí òfin ńlá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. A kéde òfin náà ní ọjọ́ 11 oṣù kan náà. Ẹ ṣí i. Abala kìíní gan-an ni ó sọ ọ̀rọ̀ àmì. Ó ní Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú wa. Ó sọ bí àsíá ṣe rí. Ó dárúkọ orin orílẹ̀-èdè, L'Aube nouvelle, tí àlùfáà Gilbert Dagnon kọ. Ó sọ bí òǹtẹ̀ àti asà orílẹ̀-èdè ṣe rí. Ó sì kọ gbólóhùn wa: Fraternité, Justice, Travail. Ní èdè wa, ìyẹn ni pé kí a máa ṣe bí ọmọ ìyá, kí a máa ṣe òdodo, kí a máa ṣiṣẹ́.

2. Àsíá

Òfin sọ bí a ṣe ń ṣe àsíá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, àwọ̀ ewé ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá pín gígùn aṣọ náà sí ọ̀nà márùn-ún, àwọ̀ ewé gba ọ̀nà méjì. Ibi tí ó kù, a pín in sí méjì ọgbọọgba. Òkè jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ìsàlẹ̀ jẹ́ pupa. Àwọ̀ ewé dúró fún ìrètí. Pupa dúró fún ìgboyà àwọn baba ńlá wa. Àwọ̀ ìyeyè dúró fún ọrọ̀ ilẹ̀ wa.

Ọjọ́ 16 oṣù 11 ọdún 1959 ni a kọ́kọ́ gba àsíá yìí. Dahomey ni orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́ nígbà náà. Òmìnira kò tí ì dé. Ó dé ní ọjọ́ 1 oṣù 8 ọdún 1960.

Ní ọjọ́ 30 oṣù 11 ọdún 1975, Ààrẹ Mathieu Kérékou kéde orúkọ tuntun: République Populaire du Bénin. Àsíá yí padà. Ó di àwọ̀ ewé nìkan, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan ní igun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa rántí rẹ̀.

Ní oṣù 2 ọdún 1990, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọnu. Ní ọjọ́ 1 oṣù 3 ọdún náà, orúkọ wa di République du Bénin. Ní ọjọ́ 1 oṣù 8, àsíá aláwọ̀ mẹ́ta padà sórí igi.

Kí ni èyí kọ́ wa? Àmì kì í yí ara rẹ̀ padà. Ènìyàn ni ó ń yí i padà, òfin ni ó sì ń fi ọwọ́ sí i. Ohun tí ènìyàn fi lélẹ̀, ènìyàn lè kọ́ ọ, kí ó sì mọ̀ ọ́n.

3. Asà orílẹ̀-èdè

A pín asà náà sí mẹ́rin. Lókè, ní ọwọ́ òsì ẹni tí ń wò ó, ilé gíga alámọ̀ kan wà. Irú rẹ̀ ni àwọn Batammariba ń kọ́ ní Àtàkórà. Òfin ń pè é ní ilé Somba. Nísàlẹ̀ rẹ̀, igi ọ̀pẹ wà pẹ̀lú èso pupa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ, ọkọ̀ dúdú kan ń lọ lórí òkun. Ọkọ̀ yìí ń rán wa létí dídé àwọn òyìnbó. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó kó àwọn ènìyàn wa ní Wídà lọ sí oko ẹrú ní Bùràsílì àti Kúbà.

Àmọ̀tẹ́kùn méjì ni ó di asà náà mú. Ìwo dúdú méjì wà lórí rẹ̀, àgbàdo sì ń jáde láti inú wọn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀. Àgbàdo wà níbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ yín ń gbìn ni òfin gbé sí ibi ọlá.

Apá kan ṣì kù, ti òkè ní ọwọ́ ọ̀tún. Ìràwọ̀ ni. Ó yẹ kí a dúró sọ ìtàn rẹ̀.

4. Ìràwọ̀ tí ó ti Àjàṣẹ́ wá

Òfin ń pè é ní Ìràwọ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó rí bí àgbélébùú aláwọ̀ aró tí ó ní ṣóńṣó mẹ́jọ. Oyè ọlá kan ni ó ti wá.

Ọba Toffa jọba ní Àjàṣẹ́ láti ọdún 1874 títí dé ọdún 1908. Ní ọjọ́ 1 oṣù 12 ọdún 1889, ó dá oyè ọlá kan sílẹ̀. Ìràwọ̀ Dúdú ni orúkọ rẹ̀. Ní ìgbà náà, ìlú Àjàṣẹ́ ti wà lábẹ́ ààbò àwọn Faransé. Ní ọdún 1894, ìjọba Faransé fọwọ́ sí oyè náà. Ní ọdún 1896, wọ́n sọ ọ́ di oyè tiwọn fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Láti ìgbà náà, Faransé ni ó ń pinnu ẹni tí yóò gba Ìràwọ̀ Dúdú. Wọ́n ń fi fún àwọn sójà àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mú kí agbára wọn gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ní ọdún 1963, wọ́n dá oyè mìíràn sílẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Wọn kò fi Ìràwọ̀ Dúdú fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìràwọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ tí ń fún ni yí padà, iṣẹ́ tí a ń yìn náà yí padà. Lónìí, ìràwọ̀ yẹn wà lórí asà wa. Ó ti padà wálé.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí a dá lọ́lá, ẹ má wo irin tí ń dán nìkan. Ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó fún un? Iṣẹ́ wo ni ó ṣe? Ta ni iṣẹ́ náà ṣe láǹfààní?

5. Oyè ọlá ti òde òní

Orílẹ̀-èdè wa ní oyè ọlá tirẹ̀. Ordre national du Bénin ni a ń pè é. Ìpele márùn-ún ni ó ní. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àwọn nìyí: Chevalier, Officier, Commandeur, Grand officier, Grand-croix. Ẹni tí ń bójú tó o ni à ń pè ní Grand chancelier. Òfin ńlá ọdún 1990, ní abala 56, sọ pé Ààrẹ ni yóò yan ẹni náà, lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ìmọ̀ràn olórí ilé aṣòfin.

Oyè yìí kì í ṣe oyè ìdílé. Ọmọ kì í jogún rẹ̀. A kì í sì í rà á lọ́jà. Bí ẹnìkan bá wọ abúlé wá, tí ó ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè bá yín gba oyè ìjọba, ọ̀bàyéjẹ́ ni. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ní abúlé wa, ìyá kan ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá kan ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n gbẹ́ kànga. Nígbà tí wọ́n bá kú, iṣẹ́ wọn a di ìgbàgbé. Kí ló dé? Nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ẹ mú ìwé àjákọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà, iṣẹ́ tí ó ṣe àti ọdún tí ó ṣe é. Ọlá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

6. Òǹtẹ̀ kì í sọ irọ́ di òótọ́

Òǹtẹ̀ ńlá orílẹ̀-èdè rí róbótó. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 120. Ọkọ̀ àjẹ̀ kan wà lórí omi nínú rẹ̀, ó ru ìràwọ̀ mẹ́fà. Lókè ọkọ̀ náà, ọrun kan wà pẹ̀lú ọfà kan àti ọ̀pá àṣẹ méjì, irú ti àwọn ọba Àgbómẹ̀. Ẹ rí i pé àmì àṣà wọ inú àmì òfin. Gbólóhùn wa wà nísàlẹ̀, orúkọ orílẹ̀-èdè sì yí i ká.

Òǹtẹ̀ tí ẹ ń rí lórí ìwé ìbí tàbí ìwé ilẹ̀ kéré sí èyí. Ti ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí òǹtẹ̀, wọ́n a ti tẹ ìka. Wọn kì í bèèrè ohun tí ìwé náà sọ. Báyìí ni àwọn kan ṣe ń pàdánù ilẹ̀ baba wọn.

Ẹ̀yin ti mọ̀wé. Ẹ ka ohun tí ó wà lókè òǹtẹ̀. Ẹ sì ka orúkọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn:

— Láti ọjọ́ 4 oṣù 12 ọdún 1958: République du Dahomey.
— Láti ọjọ́ 30 oṣù 11 ọdún 1975: République Populaire du Bénin.
— Láti ọjọ́ 1 oṣù 3 ọdún 1990: République du Bénin.

Ká sọ pé ẹnìkan mú ìwé ilẹ̀ kan wá. Ó ní ọdún 1980 ni a kọ ọ́. Òǹtẹ̀ rẹ̀ sọ pé République du Bénin. Ẹ dúró ná. Ní ọdún 1980, orúkọ tí ìjọba ń jẹ́ kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pariwo olè. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá ṣe ẹ̀dà ìwé àtijọ́ lónìí, òǹtẹ̀ òní ni wọn yóò fi lù ú. Ẹ wá ọjọ́ méjì lórí rẹ̀: ọjọ́ tí a kọ ìwé náà àti ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ọjọ́ kejì, ẹ má tẹ ìka, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ilé ìjọba, kí ẹ bèèrè. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣìnà.

7. Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Abala 11 nínú òfin ńlá sọ pé gbogbo ẹ̀yà ni ó ní òmìnira láti máa sọ èdè wọn, kí wọ́n sì máa kọ ọ́. Abala 40 sọ pé kí ìjọba fi ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kí a sì máa kọ́ni ní èdè abínibí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́, kì í ṣe àánú ni a ṣe fún wa. Òfin ni.

Bí ẹ bá pé jọ ní kíláàsì, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Àwọ̀ wo ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àsíá wa?
2. Ọba wo ni ó dá Ìràwọ̀ Dúdú sílẹ̀, ní ìlú wo?
3. Orúkọ wo ni ó yẹ kí ó wà lórí òǹtẹ̀ ìwé tí a kọ ní ọdún 1970? Ti ọdún 1985 ń kọ́?
4. Ta ni ó ṣe iṣẹ́ rere ní abúlé yín? Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀.

Kí olúkúlùkù mú ìwé kan tí ó ní òǹtẹ̀ wá láti ilé. Ẹ ka ọjọ́ rẹ̀. Ẹ ka orúkọ orílẹ̀-èdè lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sétí ẹni tí kò tí ì mọ̀wé.