Ọmọ Èkìtì ní Òkè-Òkun àti Bọ́ọ̀lù Ilé

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní alẹ́ òní ni ti ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ọmọ Ìṣẹ̀ tàbí ọmọ Èmùré tí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ gbé lọ sí òkè-òkun, tí ó sì ń wo bọ́ọ̀lù ilé láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ eré ni èyí, pé kò yẹ ní ohun tí àgbà ń jókòó tì. Bí ó bá jẹ́ eré lásán ni, ẹni tí ó ń gbé nítòsí pápá Arsenal ní London kì bá tí máa wá ẹgbẹ́ Ìbàdàn kiri lórí fóònù.

Ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ọmọ gúúsù Èkìtì ń pè ní “ẹgbẹ́ tiwa”. Nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí òkìkí wọn kàn, kò sí èyí tí ó fi Ìkẹ́rẹ́ tàbí Èmùré ṣe ibùjókòó. Ìjọba ni ó pín ẹgbẹ́ fún wọn láìmọ̀. Nígbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ìbàdàn, èyí tí ó ń jẹ́ WNDC kí ó tó di IICC Shooting Stars, ni ará Èkìtì ń bá yọ̀, òun náà ni ó sì ń bá sunkún. Ní oṣù Èrèlé 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Èkìtì sì bọ́ sábẹ́ Àkúrẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni IICC borí Tonnerre ti Yaoundé, tí ó sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìpínlẹ̀ ti yà, ayọ̀ kò yà. Lẹ́yìn tí Èkìtì pàápàá ti di ìpínlẹ̀ ní 1996, kò ṣòro láti rí ilé kan tí bàbá ti ń ṣe ti Ìbàdàn, tí ọmọ sì ń ṣe ti Sunshine Stars Àkúrẹ́, nítorí pé Àkúrẹ́ kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́ rárá.

Ìfẹ́ yìí ni wọ́n ń dì mọ́ ẹrù lọ sí òkè-òkun. Nígbà kan rí, bọ́ọ̀lù ilé fúnra rẹ̀ ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn tí ó ṣáájú. Ní 1949, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá a, Teslim Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder sì wà láàárín wọn. Ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, wọ́n fi 5–2 na ẹgbẹ́ Marine. Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ó bá wà létí pápá lọ́jọ́ náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn fún un.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn kò ní irú àǹfààní yẹn. Lẹ́tà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, àti ìwé ìròyìn tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, àti rédíò tí ariwo ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà 1980, Nàìjíríà fi 3–0 na Algeria ní Sùúrùlérè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù méjì, Múdà Lawal jẹ ẹyọ kan. Ọmọ IICC ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó wà nílé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ní ohùn Ernest Okonkwo lórí rédíò, ẹni tí ó sọ Ọdẹ́gbàmí ní “Mathematical”, tí ó sì kú ní 1990. Iye góòlù ni ó ń dé etí ẹni tí ó wà lókè-òkun, ohùn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbígbọ́ pé ìgbéyàwó wáyé kò jọ jíjó níbẹ̀.

Láti 2007 títí di 2017, SuperSport fi líìgì Nàìjíríà hàn lórí tẹlifíṣàn. Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀ràn náà. Ojú ti wá dé ibi tí ẹsẹ̀ kò dé. Ṣùgbọ́n kí ni ojú ń rí? Lọ́pọ̀ ìgbà, àga òfìfo ni. Ní wákàtí tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní London ń wá Shooting Stars, àbúrò rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lè wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, kí ó ti sanwó láti wo Arsenal. Olúkúlùkù ń wo ẹ̀yìnkùlé ẹnì kejì. A kò lè bá ọmọ yẹn wí, nítorí pé ẹni tí ó wà nílé náà kì í sábà rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí. Ní 2012, nígbà tí Sunshine Stars dé ìpele tí ó kàn àṣekágbá nínú ìdíje àwọn aṣáájú ilẹ̀ Áfíríkà, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gba Al Ahly lálejò, kì í ṣe Àkúrẹ́. Wọ́n ta ọ̀mì 3–3 níbẹ̀, wọ́n sì pàdánù 1–0 ní Íjíbítì. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ará Ìkẹ́rẹ́ tí kò rí owó ọkọ̀ san kò sàn ju ará London lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù, òun ni ó sì wúwo jù fún ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè-òkun lè jókòó ti bàbá rẹ̀ kí wọ́n jọ wo eré Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbọ́ lẹ́nu asọ̀rọ̀. Kò ní gbọ́ pé aṣọ́lé fò, pé bọ́ọ̀lù lu òpó, pé ó wọ àwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ àwọn rédíò ilẹ̀ Yorùbá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Yorùbá, ó sì ń dùn ún gbọ́. Kí ni ó dé tí a kò fi ohùn bẹ́ẹ̀ sí àwòrán tí ń lọ sí òkè-òkun? Owó ni ìdáhùn tí àwọn ẹgbẹ́ yóò fún ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń bọ́ Shooting Stars àti Sunshine Stars, ẹni tí ó sì ń wò láti Houston kò san kọ́bọ̀ lẹ́nu géètì.

Ẹni náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Ìbàdàn, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ní Houston ní ìgbà òtútù, wákàtí tí ó yẹ kí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀ ó ń wò ó. Ó ní òun ṣe tán láti sanwó, bí àwòrán kò bá ní máa já, tí òun yóò sì gbọ́ èdè òun. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn tí yóò fèsì lálẹ́ yìí ni pé: ta ni yóò kọ́kọ́ nawọ́, ẹgbẹ́ tí kò tíì gbé ọjà náà jáde, tàbí òǹwòran tí kò tíì rí ohun tí yóò rà?