Ohùn Mẹ́ta Tí Ó Fẹnu Kò: Ọ̀rọ̀ Lórí Sípíkà Àárín Nínú Ilé Ìsìn

 

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ kéré lójú, ṣùgbọ́n owó ìjọ àti etí àwọn àgbà wà nínú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì bi àwọn ará Kọ́ríńtì léèrè nípa fèrè ogun tí ohùn rẹ̀ kò dájú. Ìbéèrè náà kan àwa tí a ń fi iná mànàmáná wàásù.

Sípíkà méjì ni a ní tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Orin ń dùn nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tí ó ń jókòó ní iwájú, ní àárín gbùngbùn, kì í gbọ́ ìwàásù yékéyéké. Àwọn tí ó wà ní ìkángun sì ń gbọ́ ohùn mi láti ara ògiri, nígbà tí ojú wọn ń wò mí lórí àga ìwàásù. A pinnu láti fi ẹ̀kẹta sí àárín. Àwọn oníṣòwò kéékèèké inú ìjọ dá owó, a sì ra èyí tí owó rẹ̀ rọjú. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá wa, ẹ má bínú o. Ẹni méjì ni mo gbọ́ tí ó ń wàásù lónìí. Ọ̀kan wà lára ògiri, èkejì wà nínú agolo.”

Òtítọ́ ni ìyá sọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tí ó tà á. Tiwa ni, nítorí a kò béèrè bóyá ó bá àwọn ti àtijọ́ mu. Bí ìyáàlù dùndún bá ń sọ̀rọ̀, tí bàtá sì já ọ̀rọ̀ náà gbà láàárín gbólóhùn, ta ni kò ní mọ̀?

Ohùn mẹ́ta níwájú ènìyàn kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, ọdún 1933, àwọn onímọ̀ Bell Telephone Laboratories ní Amẹ́ríkà gbé orin ẹgbẹ́ olórin Philadelphia gba orí wáyà tẹlifóònù lọ sí Washington. Wọ́n fi gbohùngbohùn mẹ́ta gbà á, wọ́n sì tú u jáde ní òsì, ní àárín àti ní ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyà kọ́ wa.

Èkíní, ẹ wá ọmọ ìyá wọn. Kí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe é, kí ó sì jẹ́ irú kan náà. Bí ẹ bá rí ìbejì wọn gan-an, ẹ má wá òmíràn. Títún ohùn ṣe lórí ẹ̀rọ lè dín ìyàtọ̀ kù, ṣùgbọ́n kò lè sọ àjèjì di ọmọ ìyá.

Èkejì, ẹ wo iye tí a kọ sí ìwé rẹ̀, tí a fi dB parí. Ó ń sọ bí yóò ti ké tó bí a bá fún un ní wáàtì 1, tí a sì dúró ní mítà 1 sí i. Bí ti àárín bá fi 3 dín sí ti ẹ̀gbẹ́, ìlọ́po méjì agbára ni yóò gbà kí ó tó bá wọn dọ́gba. Bí ó bá fi 6 dín, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹni tí ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ohm rẹ̀. Bí amplifier yín kò bá gbà kí ó dín sí 4, ẹ má so sípíkà méjì tí ó jẹ́ ohm 4 pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn sí ojú kan rẹ̀. 2 ni yóò rí, ó sì lè jó.

Ẹ̀kẹrin, bí àwọn ẹ̀gbẹ́ bá dúró, kí òun náà dúró, kí gíga wọn sì súnmọ́ra. Irú èyí tí a tẹ́ sílẹ̀ ní ìbú a máa fi ọ̀rọ̀ du àwọn tí ó jókòó ní ìkángun. Bí ó bá sì súnmọ́ ènìyàn ju àwọn yòókù lọ, ohùn rẹ̀ yóò ṣáájú. Ohùn ń rin mítà 1 ní nǹkan bí ìdá 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, bí ó bá fi mítà 2 súnmọ́ wọn jù, kí olùtọ́jú ẹ̀rọ fi nǹkan bí ìdá 6 dá a dúró.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ọ̀kan nínú ti àtijọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ olùtajà. Kí ẹnì kan máa kàwé sínú gbohùngbohùn, kí a máa gbé ohùn rẹ̀ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, kí ẹ̀yin sì di ojú. Bí ó bá dà bí ẹni pé òǹkàwé ti yí padà, ẹ gbé owó yín padà sílé. Méjì tí ó fẹnu kò sàn ju mẹ́ta tí ń jà lọ. Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni í jẹ ejò níyà.

Àwa gbé ti agolo náà lọ sí yàrá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí dá owó. Nígbà tí a rí ọmọ ìyá àwọn méjèèjì rà, ìyá àgbà náà kò dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó kọjá lọ, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìwàásù náà fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Kí Olúwa ṣí etí wa. Àmín.